Iṣẹ́ Tí A Rán Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Àṣẹ Àkọsílẹ̀ láti Ọjà Àpòmù dé Yàrá Sáfà

Ìfáárà



Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Orí òwe yìí ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ mi kà lónìí. Ẹni tí ó rán iṣẹ́ lè má ro ó délẹ̀. Ẹni tí a rán ni yóò lo làákàyè láti dí àlàfo tí ó bá wà nínú iṣẹ́ náà, kí ọ̀rọ̀ má baà bàjẹ́. Ìbéèrè mi ni pé: bí ẹni tí a rán kò bá ní làákàyè ńkọ́? Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni a kọ iṣẹ́ fún, tí ẹni tí ó kọ ọ́ sì ti lọ sùn, ta ni yóò fi tọmọ jẹ́ ẹ?

Òpìtàn ni mí, n kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ohun méjì ni ó mú mi yan orí ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ wa nínú ìdánwò àṣewọlé yunifásítì ní ọdún 2025, èyí tí n ó sọ̀rọ̀ lé lórí ní kíkún bí a bá dé ibẹ̀. Èkejì ni pé ìlú Àpòmù, tí kò jìnnà sí Ìkirè rárá, ní ìtàn kan nípa àṣẹ tí a fi sílẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, ìtàn tí ó lè là wá lójú sí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ òde òní ju bí a ti rò lọ.

Èrò tí mo fẹ́ fi yé yín kò pọ̀. Àṣẹ tí a kọ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ máa tẹ̀ lé dára ju iṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ ṣe ní ojúlé dé ojúlé lọ. Síbẹ̀, kò sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ènìyàn. Ńṣe ni ó gbé ẹrù náà kúrò lórí ẹni tí ń ṣe iṣẹ́, tí ó gbé e ka orí ẹni tí ń kọ àṣẹ.

1. Kí ni iṣẹ́ náà gan-an?

Nígbà tí oníṣòwò kan ní Ìkirè bá fi fóònù rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, tàbí tí ọmọ kan bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà láti ṣe ìdánwò, ẹ̀rọ tí ó wà níwájú wọn kò dá iṣẹ́ náà ṣe. Ó ń bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní sáfà. Nínú sáfà náà ni ètò kan wà tí ó dúró láàárín oníbàárà àti ibi tí a kó àkọsílẹ̀ pamọ́ sí. A lè fi wé alárinà ọjà. Oníbàárà kì í wọ inú àká; alárinà ni yóò gbọ́ ohun tí ó fẹ́, tí yóò wádìí bóyá ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i, tí yóò sì mú un wá fún un. N ó máa pè é ní ètò alárinà. Ní òpin àwọn ọdún 1990 ni irú ètò yìí gbilẹ̀ ní àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá. WebSphere ti IBM jáde ní ọdún 1998. Ní ọdún 1999 ni Sun Microsystems gbé ìlànà jáde fún irú ètò bẹ́ẹ̀ tí a bá fi èdè Java kọ. Ní ọdún náà ni Tomcat, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsan kọ́bọ̀, bọ́ sọ́wọ́ àjọ Apache.

Ètò alárinà kì í wà bákan náà títí. Àwọn tí ó ṣe é a máa rí àléébù nínú rẹ̀, wọn a sì máa gbé àtúnṣe jáde. Bí a bá fẹ́ fi àtúnṣe náà sí sáfà, ètò tí ń fi í sípò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè. Àpò wo ni kí n kó o sí? Orúkọ ta ni kí ó fi máa ṣiṣẹ́? Ẹnu ọ̀nà wo ni kí ó máa tẹ́tí sí? Kí n pa èyí àtijọ́ rẹ́ tàbí kí n fi í sílẹ̀? Bí sáfà bá jẹ́ ẹyọ kan, ènìyàn lè jókòó tì í kí ó máa dáhùn. Bí ó bá jẹ́ ogún, tí ó sì jẹ́ pé aago méjì òru nìkan ni oníbàárà kì í pọ̀, ojú á wúwo, ọwọ́ á sì ṣi. Ìdáhùn tí a fún sáfà kẹta lè yàtọ̀ sí èyí tí a fún sáfà kẹtàdínlógún, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ fi ń kọ gbogbo ìdáhùn sílẹ̀ ṣáájú. Ìwé kan yóò wà tí a lè pè ní ìwé ìdáhùn. Ìwé kejì, ìwé àṣẹ, yóò to ìgbésẹ̀ iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Wọn yóò wí fún ètò náà pé kí ó dákẹ́, kí ó má bi ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, kí ó ka ìdáhùn nínú ìwé, kí ó sì kọ ìròyìn ohun tí ó bá ṣe sílẹ̀. Irin iṣẹ́ Oracle gba irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ti IBM náà gbà á, ó tilẹ̀ lè gba ìdáhùn ènìyàn sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí a lè fi ohun tí ó gbà sílẹ̀ náà ṣe ti àwọn ẹ̀rọ yòókù. Àṣẹ wà, ẹni tí ó pa á kò sí nítòsí, iṣẹ́ sì ń lọ.

2. Àṣẹ ọba ní ọjà Àpòmù

Àṣẹ tí ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹni tí ó pa á kò sí nítòsí kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ yìí. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní ọdún 1897 tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé Àpòmù ni ọjà tí àwọn Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ọjà ńlá ni, àwọn gbọ́mọgbọ́mọ sì rí ibẹ̀ lò. Wọ́n ń jí àwọn ọmọ Ọ̀yọ́ gbé, wọ́n ń tà wọ́n níbẹ̀. Aláàfin Abíọ́dún, tí ó jọba ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, pàṣẹ pé kí ó dópin. Aláàfin wà ní Ọ̀yọ́, ọ̀nà sì jìn. Baálẹ̀ Àpòmù wà lára àwọn tí ó gbọ́dọ̀ mú àṣẹ náà ṣẹ lójú ọjà.

Johnson ní ọmọ ọba kan tí ń ṣòwò káàkiri, Awólẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí ọjà yìí, ó sì tà á. Wọ́n gbọ́ sí i, wọ́n gba ọ̀rẹ́ náà sílẹ̀, Baálẹ̀ sì ní kí wọ́n na Awólẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí. Àṣẹ kò wo ojú ọmọ ọba. Nígbà tí ó yá, Abíọ́dún wàjà, Awólẹ̀ sì di Aláàfin. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ẹni tí ó jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ kí ogun lè mọ ibi tí yóò kọjú sí, Àpòmù ni ó dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀ sọ́dọ̀ Ọọ̀ni, níkẹyìn ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀ kí ibi má baà dé bá ìlú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìtàn yìí dáadáa. Àṣẹ Abíọ́dún dára, Baálẹ̀ sì mú un ṣẹ bí wọ́n ti rán an. Ohun tí kò sí ni àkọsílẹ̀ tí yóò so iṣẹ́ náà mọ́ ẹni tí ó rán an. Nígbà tí ẹni tí ó pàṣẹ ti kú, àṣẹ náà kú mọ́ ọn lẹ́nu, iṣẹ́ tí Baálẹ̀ jẹ́ fún ọba sì wá di ẹ̀ṣẹ̀ Baálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà mọ irú wàhálà yìí. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ní òru ni gbogbo ènìyàn máa ń nawọ́ sí ní òwúrọ̀, bí kò bá sí ìwé tí ó fi hàn pé báyìí ni wọ́n ní kí ó ṣe.

3. Ààlè, àrokò àti òkúta orí ẹrù

Kì í ṣe pé àwọn baba wa kò ní ọ̀nà láti fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ kí ó máa ṣiṣẹ́ lẹ́yìn wọn. Mẹ́ta ni n ó mẹ́nu bà.

Èkíní ni ààlè. Olóko a so àkísà, ìkarahun ìgbín tàbí ṣìírí àgbàdo mọ́ ìdí igi rẹ̀, yóò sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tí ó bá kọjá á kà á, á sì mọ ohun tí olóko wí. David Doris tẹ ìwé kan jáde lórí ààlè ilẹ̀ Yorùbá ní ọdún 2011, ó sì pe àwọn nǹkan wọ̀nyí ní ohun tí ń ṣọ́nà. Ààlè ń ṣọ́nà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò lè ṣe ju ohun tí a so mọ́ ọn lọ.

Èkejì ni àrokò. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín pọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí ènìyàn ń wí pé ọkàn ẹni tí ó rán an fà sí i, nítorí ẹẹ́fà àti fífà jọ ara wọn létí. Mẹ́jọ ń wí pé àwọn méjèèjì jọ ara wọn. Ìránṣẹ́ tí ó mú un lọ lè má mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Kò sí ohun tí ó lè fi kún un, kò sí ohun tí ó lè yọ.

Ẹ̀kẹta ni ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ wa jù. Lójú ọ̀nà oko káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ń tajà lè to iṣu tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀ kí ó sì lọ sí oko rẹ̀. Yóò fi òkúta wẹ́wẹ́ lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù, iye òkúta sì ni iye owó. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà yóò ka òkúta, yóò fi owó sílẹ̀, yóò sì gbé ẹrù. Ìdáhùn sí ìbéèrè tí oníbàárà yóò bi ti wà nílẹ̀ kí ó tó dé. Ìwé ìdáhùn ni òkúta wọ̀nyẹn. Ohun tí ó mú kí ọjà náà pé ni pé nígbà tí olówó bá padà dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò ka owó, yóò ka ẹrù tí ó kù, yóò sì fi méjèèjì wé ara wọn. Kò ní lọ sílé kí ó tó kà á.

Nípa ìṣirò kan náà, owó ẹyọ 40 ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, okùn 50 sì jẹ́ 2,000. Ìdì mẹ́wàá irú rẹ̀ jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Títò tí wọ́n tò ó báyìí ni ó jẹ́ kí ẹlòmíràn lè tún un kà láìpẹ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ kíkà yìí sọ́kàn.

4. Láti ìdí òfì dé ìdí kọ̀ǹpútà

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ìdí iṣẹ́ aṣọ ni àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ ti kọ́kọ́ lókìkí. Ní nǹkan bí ọdún 1804, Joseph Marie Jacquard ní ìlú Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ṣe òfì kan tí páálí tí a dá ihò sí ń darí. Ihò ni ó ń sọ òwú tí yóò gòkè àti èyí tí yóò dúró. Ahunṣọ kò ní láti há iṣẹ́ ọnà náà sórí mọ́. Ọnà wà nínú páálí, ẹni tí ó sì dá ihò ni ó ni àṣìṣe bí ihò kan bá ṣì. Nígbà ìkànìyàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1890, Herman Hollerith lo irú páálí bẹ́ẹ̀ láti ṣe ìṣirò, iléeṣẹ́ rẹ̀ sì wà lára àwọn tí ó para pọ̀ di IBM nígbà tí ó yá.

Ọ̀rọ̀ ìkànìyàn kan náà ni ó mú kọ̀ǹpútà wọ Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n ń ṣe ìṣirò ìkànìyàn ọdún 1962 sí 1963. Ní ọdún 1963 ni IBM dá ibùdó ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún ilẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní irú ayé ìgbà náà, ẹni tí ó ní iṣẹ́ kì í fojú kan kọ̀ǹpútà. Yóò kó páálí rẹ̀ lé ọwọ́ òṣìṣẹ́, yóò sì padà wá gba èsì ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí IBM kéde ẹ̀rọ rẹ̀ tí a mọ̀ sí 360 ní ọdún 1964, èdè kan bá a wá tí a fi ń kọ ọ́ sórí páálí àkọ́kọ́ bí ẹ̀rọ yóò ti ṣe iṣẹ́ náà: ètò tí yóò pè, ibi tí yóò ti mú àkọsílẹ̀, ohun tí yóò ṣe bí ìgbésẹ̀ kan bá kùnà. Bí àmì kan bá ṣì, ọjọ́ kan ti ṣòfò. Ìfòyà yìí kọ́ àwọn oníṣẹ́ ìgbà náà láti ro gbogbo ọ̀nà tí nǹkan lè gbà bàjẹ́ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà wá di ohun tí a lè jókòó tì kí a sì máa bá sọ̀rọ̀, ìfòyà náà dínkù. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ ń fi ṣe iṣẹ́. Síbẹ̀ àwọn kan kò jẹ́ kí ọgbọ́n àtijọ́ kú. Ní ọdún 1976, Stuart Feldman ní Bell Labs kọ ètò tí a ń pè ní make, èyí tí ń wo ohun tí ó ti yí padà, tí ó sì ń ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ó kù. Ní ọdún 1993, Mark Burgess ní Oslo bẹ̀rẹ̀ CFEngine, ètò tí ó gbé ìlànà tuntun kalẹ̀: kí a má sọ fún ẹ̀rọ pé ṣe èyí, ṣe ìyẹn, kí a sọ fún un bí a ti fẹ́ kí ó rí, kí ó wo ara rẹ̀, kí ó sì ṣe àtúnṣe ohun tí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bí a pe irú àṣẹ yìí lẹ́ẹ̀kan, bí a pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ibì kan náà ni yóò bá wa dé. Mo ka èyí sí ìgbà àkọ́kọ́ tí a gbìyànjú láti fi díẹ̀ nínú ọgbọ́n ọmọ sínú iṣẹ́ ẹrú.

5. Ọ̀kan tí ó dín

A padà sí Àpòmù. Johnson kọ ọ́ pé ìjà orí atare ní ọjà yìí ni ó tanná ran ogun Òwu. Wọ́n ka atare, ẹni tí ó rà á ní kò pé, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, àríyànjiyàn di ìjà, ìjà di ogun. Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú pawọ́ pọ̀, àwọn Ọ̀yọ́ tí ogun lé kúrò nílé dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì run Òwu ní àárín ọdún 1820 sí 1830. Kò sí òpìtàn tí yóò sọ pé atare nìkan ni ó fà á. Mabogunje àti Omer-Cooper, nínú ìwé wọn lórí Òwu tí ó jáde ní ọdún 1971, ti fi hàn bí ọ̀rọ̀ òwò àti agbára ti dìídì ṣe pàtàkì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí nǹkan ti gbẹ tẹ́lẹ̀, kíkà tí kò pé ti tó láti dá iná sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ọdún 2012, iléeṣẹ́ Knight Capital ní Amẹ́ríkà, tí ń ra ìpín ìdókòwò tí ó sì ń tà á, rí irú rẹ̀. Sáfà mẹ́jọ ni ó yẹ kí wọ́n fi ètò tuntun sí. Òṣìṣẹ́ tí ó fi ọwọ́ ṣe é fi sí méje. Kò sí ẹnìkejì tí wọ́n ní kí ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ìlànà àkọsílẹ̀ tí ó pa á láṣẹ. Nígbà tí ọjà ṣí, sáfà kẹjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ohun tí ètò àtijọ́ inú rẹ̀ wí. Kí ọjà tó ṣí rárá, ẹ̀rọ ti fi ìwé ránṣẹ́ lọ́nà 97 sí àwọn òṣìṣẹ́ láti fi àṣìṣe náà hàn. Kò sí ẹni tí ó kà á sí ìkìlọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 45, ó lé ní mílíọ̀nù 440 dọ́là tí ó ti lọ. Èyí tí ó burú jù ni pé nígbà tí ara bù wọ́n, wọ́n yọ ètò tuntun kúrò lára sáfà méje tí ó dára, àìsàn ọ̀kan sì di ti gbogbo wọn.

Owó ni ti Knight. Ti wa jẹ́ ọmọ. Àjọ JAMB, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1978, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní ọdún 2013, láti ọdún 2015 sì ni kò ti sí ti orí ìwé mọ́. Ní ọdún 2025, wọ́n yí ìlànà padà: wọ́n da bátànì ìbéèrè àti ti ìdáhùn rú kí ọmọ kan má baà wo ti ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yí bí wọ́n ti ń yẹ ìdáhùn wò padà. Ó di dandan kí sáfà gba àtúnṣe tí ó bá ìlànà tuntun mu. Àwọn sáfà tí wọ́n pè ní ti Kàdúná gba àtúnṣe náà. Nínú àwọn tí wọ́n pè ní ti Èkó, tí ń ṣiṣẹ́ fún Èkó àti ìpínlẹ̀ márùn-ún ti Ìlà-Oòrùn Gúúsù, àwọn kan kò gbà á. Ìdánwò lọ títí ó fi parí, èsì jáde ní oṣù karùn-ún, igbe sì ta.

Ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, Akọ̀wé Àgbà àjọ náà, jẹ́wọ́ níwájú àwọn oníròyìn pé àṣìṣe wà. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn méjì tí iléeṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ fún yàn sí ìhà náà kò fi àtúnṣe sí àwọn sáfà kan, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ kí èsì tó jáde. Ibùdó 157 ni ó kàn, 65 ní Èkó, 92 ní Ìlà-Oòrùn Gúúsù. Àwọn ọmọ tí ó kàn jẹ́ 379,997. Ó gbà pé òun ni ó ni ẹ̀bi, ó sì sunkún ní gbangba. Láti ọjọ́ 16 oṣù náà ni àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ìdánwò ṣe. Orúkọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò sí nínú ìròyìn náà, ṣùgbọ́n mélòó ni agboolé tí ó wà níhìn-ín tí kò ní ọmọ ní Èkó?

N kò sọ èyí láti tún ẹni tí ó ti gba ẹ̀bi dá lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí ni pé ìtàn Knight àti ti JAMB jọ ara wọn bí ìbejì. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbàgbé, àìkà ni ó sì jẹ́ kí ìgbàgbé náà di àjálù. Ìwé àṣẹ tí ó ní orúkọ gbogbo sáfà nínú kì í gbàgbé ìkẹjọ.

6. Nígbà tí àṣẹ dé ibi gbogbo lẹ́ẹ̀kan

Bí mo bá dákẹ́ síhìn-ín, ẹ ó rò pé ìwé àṣẹ ti tán gbogbo ìṣòro. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024, iléeṣẹ́ CrowdStrike, tí ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ àwọn olè, fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rẹ̀ láìsí ọwọ́ ènìyàn níbẹ̀. Àtúnṣe náà ní àléébù. Kọ̀ǹpútà bí mílíọ̀nù 8.5 ni ó dákú, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Microsoft. Ọkọ̀ òfuurufú dúró, ilé ìwòsàn padà sí ìwé àti kálàmù. Láàárín ìṣẹ́jú 78 ni wọ́n ti fa àtúnṣe náà padà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó ti dákú kò lè gbọ́ àṣẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ènìyàn ní láti lọ bá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níbí ni òwe wa ti yọjú. Ẹrú jẹ́ iṣẹ́ ẹrú bí wọ́n ti rán an, kò sì sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ fún un pé: bí àwọn ìwọ̀nba tí o kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn bá ṣubú, dúró, má lọ sọ́dọ̀ ìyókù. Iṣẹ́ ọwọ́ ń pa ọ̀kan tì. Iṣẹ́ àṣẹ lè pa gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ẹni tí ó bá mọ èkíní tí kò mọ èkejì kò tíì mọ ìtàn náà tán.

7. Bí a ti ń fi tọmọ jẹ́ ẹ

Báwo wá ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń kọ ìwé àṣẹ tí ó ní làákàyè? N ó sọ ọ́ ní ṣókí.

Ìwé náà yóò kọ́kọ́ bi sáfà léèrè pé, ètò wo ni ó wà lára rẹ báyìí? Bí ó bá ti gba àtúnṣe, kò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Yóò yẹ àtúnṣe náà wò bóyá ó bá àmì tí olùṣe rẹ̀ fi síta mu, kí ó má lọ jẹ́ ayédèrú. Yóò yọ sáfà kúrò lẹ́nu iṣẹ́, yóò sì jẹ́ kí àwọn oníbàárà tí ó wà níwájú rẹ̀ parí ọ̀rọ̀ wọn. Yóò fi ẹ̀dà èyí àtijọ́ pamọ́. Lẹ́yìn náà ni yóò ka ìwé ìdáhùn tí yóò sì fi àtúnṣe síbẹ̀ ní ìdákẹ́jẹ́. Bí ó bá parí, kò ní gbà pé ó dára nítorí pé ẹ̀rọ ń mí. Yóò bi í ní ìbéèrè tí a ti mọ ìdáhùn rẹ̀, bí olùkọ́ ti ń ṣe. Bí ìdáhùn bá ṣì, yóò dá èyí àtijọ́ padà, yóò sì dá iṣẹ́ dúró.

Sáfà kan ni yóò kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà díẹ̀, kí ó tó ṣe ìyókù. Ní òpin, yóò kà wọ́n: mélòó ni a rán an sí, mélòó ni ó jẹ́, ètò wo ni ó wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹnìkejì, tí kì í ṣe ẹni tí ó kọ ọ́, yóò ka ìṣirò náà. Èyí ni olówó tí ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́ láti ka òkúta.

Ohun méjì ni ó kù. Kò yẹ kí a kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú ìwé ìdáhùn gbangba, nítorí ìwé tí ẹ̀rọ lè kà ni olè náà lè kà. Ó sì yẹ kí ìwé àṣẹ wà ní ibi tí a ti ń kọ orúkọ ẹni tí ó yí i padà, ọjọ́ tí ó yí i, àti ìdí rẹ̀. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá wà ní ayé Baálẹ̀ Àpòmù, ì bá ní ohun tí yóò nà síwájú ọba tuntun.

Ẹnìkan lè bi mí pé ṣé kò sàn kí a fi ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀ bí ó ti wà? Ìdáhùn wà nínú ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, wọ́n kéde àléébù kan nínú Apache Struts, irin iṣẹ́ tí a fi ń kọ ètò tí ń gbé orí alárinà. Àtúnṣe sì jáde. Wọ́n fi àṣẹ ránṣẹ́ nínú iléeṣẹ́ náà pé kí wọ́n ṣe é láàárín wákàtí 48. Àṣẹ lọ, iṣẹ́ kò lọ. Wọ́n wá ibi tí àléébù náà wà, wọn kò rí i. Láti oṣù karùn-ún títí di oṣù keje, àwọn olè wọlé, wọ́n sì kó àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn tí ó tó mílíọ̀nù 147. Ẹni tí kò tún ilé rẹ̀ ṣe kò bọ́. Ó kàn yan àkókò tí ẹlòmíràn bá fẹ́ ni.

Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìwé ìdáhùn inú yàrá sáfà kì í ṣe ohun tí ó já bọ́ láti ọ̀run. Ìdílé kan náà ni òun àti ààlè, àrokò, òkúta orí ẹrù, páálí aláṣọ Lyon àti páálí ọdún 1964 ti wá. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń béèrè lọ́wọ́ ènìyàn: kí ó ro iṣẹ́ délẹ̀ kí ó tó lọ, kí ó sì padà wá kà á.

Àwọn sáfà tí orúkọ àwọn ọmọ wa, owó wa àti ìtàn àìsàn wa wà nínú wọn ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Èmi kò rí ìdí tí kò fi yẹ kí ará ìlú béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń tọ́jú wọn pé: níbo ni ìwé àṣẹ yín wà, ta ni ó sì kà á lẹ́yìn yín? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò lọ ṣe iṣẹ́ náà, ẹ rántí pé ẹ̀rọ kò lè fi tọmọ jẹ́ iṣẹ́ kankan. Ọgbọ́n ọmọ tí ẹ bá fi sínú ìwé ní ọ̀sán ni yóò bá a débẹ̀ ní òru.